Ọtí Tó Ń Mí Nínú Àgbá

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife náà sókè, ó fi wo iná, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra dá a padà sórí tábìlì bí ẹni tó ṣèèṣì mu omi ìfọwọ́.

"Ọtí yìí ò tutù," ló wí. "Kò tiẹ̀ hó. Ṣé kì í ṣe pé ó ti sùn mọ́jú?"

Ilé ọtí kékeré kan la wà nítòsí Borough Market ní London, ní ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ kún ibẹ̀. Wọ́n dúró káàkiri, àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ife lọ́wọ́; wọn ò jókòó, wọn ò sì jẹun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi ti lò ní Peckham. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, láàgà inú fíríìjì àti Òdekú, ìyẹn Guinness, tó ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé ló ń mu. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ẹnu kan ọtí tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń pè ní ale.

(Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ale ni mo kọ, n kò kọ àlè. Èyí tí mò ń wí yìí kì í sábà tú ilé ká.)

Obìnrin tó ń ta ọtí ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojoojúmọ́ lòún ń rí irú ojú bẹ́ẹ̀. "Kò gbóná," ló wí. "Ó tutù níwọ̀n ni. Bí mo bá fi yìnyín pa á, ẹ ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ."

Pé ọtí ń sọ nǹkan! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn kúrò níbẹ̀, òun náà ló sì gbé wa dé abúlé kan ní Oxfordshire, níbi tí ẹṣin ti ń fa àgbá ọtí lójú títì di òní.

Ògidì

Ẹni tó bá ti mu ẹmu rí kò ní pẹ́ lóye ọ̀rọ̀ ale. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ kọ́ la ó mu lọ́sàn-án. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti di nǹkan mìíràn. Kò sí ẹni tó bu nǹkan kan sí i. Ohun abẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ale inú àgbá rí, àfi pé tirẹ̀ lọ́ra díẹ̀.

Bí wọ́n bá pọn ọ́n tán, wọn kì í pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá tòun ti ìwúkàrà náà láàyè, ìwúkàrà á sì máa bá iṣẹ́ lọ nínú òkùnkùn àjà ilẹ̀ ilé ọtí. Ìwọ̀nba ìhó tí ẹ bá rí nínú ife, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹnikẹ́ni kì í fa gáàsì sí i láti ìta. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á wá sókè, pẹ̀lú ọwọ́ pọ́ǹpù gígùn tó dúró gangan lórí káńtà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1797, ẹ̀rọ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà.

Èyí tó wà nínú agolo irin tí wọ́n ń pè ní keg yàtọ̀. (Keg tiwọn kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì oníke tí a fi ń gbé ẹmu àti kẹrosíìnì nílé.) Wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n sì sábà máa ń fi ooru pa gbogbo ohun tó ń mí nínú rẹ̀, kí gáàsì tó wá tì í jáde sínú ife. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò ní bàjẹ́, kò sì ní dára ju bó ṣe wà lọ.

Real ale ni wọ́n ń pe èyí tó wà láàyè. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo máa lò: ògidì.

Ní ti òtútù, àjà ilẹ̀ tí ale ń gbé kì í tutù ju ìwọ̀n 11 sí 13 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fíríìjì ilé wa sún mọ́ 4. Ahọ́n tí òtútù ti pa kì í mọ adùn, ìdí sì nìyẹn tí a fi lè mu láàgà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra lálẹ́ ọjọ́ kan kí á má mọ ìkan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi kò gba èyí. Ó ní òtútù gan-an ni adùn.

Lábẹ́ ilé

Nígbà tí èrò dín kù, obìnrin náà mú wa sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àjà ilẹ̀ rẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ dúró gangan, a sì ní láti tẹ orí ba. Òtútù ibẹ̀ dà bíi ti inú ilé alámọ̀ lásìkò ọyẹ́. Àgbá méje ló dùbúlẹ̀ lórí pẹpẹ, ikùn sókè, bí ẹlẹ́dẹ̀ tó yó.

Bí àgbá bá ṣe tóbi tó ló ń pinnu orúkọ rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni firkin, tó gba gálọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn páìǹtì 72. Kilderkin jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Páìǹtì kan jẹ́ mìlílítà 568, ó fi díẹ̀ kéré sí ìgò Star ńlá.

Àgbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í di mímu lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, wọ́n á fi í lọ́rùn sílẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Nǹkan tó ń fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: láti inú ẹja ni wọ́n ti ń mú un, lára àpò afẹ́fẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹja léfòó. Àwọn tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja ti ráhùn lórí èyí títí tí àwọn apọntí kan fi pa á tì. Ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí ale tó rú díẹ̀ fi wà lórí káńtà báyìí tí ojú kò sì ti ẹni tó ń tà á.

Lẹ́yìn èyí ni òòlù ń wọṣẹ́. Èèkàn igi kékeré kan ni wọ́n ń gbá wọ ihò tó wà lókè ikùn àgbá. Bí igi náà bá rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa rí ọ̀nà jáde. Bó bá le, afẹ́fẹ́ á dúró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò máa pààrọ̀ wọn bí inú àgbá bá ṣe ń ru sí. Obìnrin náà gbé etí lé àgbá kan, ó ní kí èmi náà gbé etí lé e. Mo gbọ́ ohùn kan tó ń ta ṣìṣìṣì, bí epo nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Bí mo bá ti ṣí i, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní," ló wí. "Bó bá di ọjọ́ kẹrin, ọtí kíkan lẹ ó máa mu."

Atẹ́gùn tó ń wọlé rọ́pò ọtí tó ń jáde ló ń ṣe é. Nítorí náà, onílé ọtí tí kò lérò kò gbọdọ̀ ṣí àgbá mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àṣehàn. Ọtí kan náà láti ilé ìpọntí kan náà lè dùn ní ilé kan, kí ó sì burú ní ilé kejì tó dojú kọ ọ́ lójú títì kan náà. Apọntí ló bí i. Onílé ọtí ló ń tọ́ ọ. Nínú ìrìn mi, ilé kan wà tí wọ́n ti bu ọtí tó ti kan fún mi, tí ọmọdékùnrin tó bù ú sì ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Kò parọ́ fún mi; kò mọ̀ ni.

Ilé tí ọtí ń gbà sọ̀ kalẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marylebone dé Banbury, a sì gba takisí wọ àárín oko. Àgùntàn wà lọ́tùn-ún, àgùntàn wà lósì. A kò tíì rí ilé ìpọntí Hook Norton tí òórùn rẹ̀ ti pàdé wa: òórùn ògì tó ń hó lórí iná, tí ẹnì kan bu ṣúgà jíjóná sí.

John Harris ló dá a sílẹ̀ ní 1849. Ilé gogoro tó wà níbẹ̀ báyìí, William Bradford ló ya àwòrán rẹ̀, iṣẹ́ sì parí lórí rẹ̀ ní 1900. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n mú ilé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n tò wọ́n léra, tí wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wó.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, iná mànàmáná kò tíì dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ga. Wọ́n á fi agbára gbé ọkà àti omi lọ sókè pátápátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwúwo ara wọn yóò sì máa fà wọ́n bọ̀ nílẹ̀ láti àjà dé àjà: ọkà lókè, ọtí nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ olóoru tí wọ́n ṣe ní Burton upon Trent ní 1899 ló ń ṣe agbára ìgbé-sókè náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ilé náà, wọ́n ń nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló mú wa yíká. Ó bu ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n sì ti yan, sí wa lọ́wọ́, ó ní kí á jẹ ẹ́. Ó dà bí àgbàdo yíyan tó ti tutù, ó sì dùn díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ó tún bu èyí tí wọ́n yan dúdú. Ìyẹn korò bíi kọfí. "Gbogbo àwọ̀ tí ẹ ń rí nínú ife, ọ̀dọ̀ ẹni tó yan ọkà ló ti wá," ló wí.

Wọ́n á lọ ọkà náà díẹ̀, wọ́n á da omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 65 sí i nínú ìkòkò ràgàjì kan, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Omi náà á fa adùn ọkà mọ́ra. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é pẹ̀lú òdòdó hops, wọ́n á mú un tutù, wọ́n á sì fi ìwúkàrà sí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di ọtí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti dúró. Láti àárọ̀ ló ti ń wo aago. Ó tẹ orí wo inú ìkòkò náà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá fi Yorùbá sọ pé: "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nìyí."

Òótọ́ ló sọ. Ìyá wa àgbà ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà nígbà ayé rẹ̀. A máa ń rẹ àgbàdo, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé títí yóò fi hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó lè mú. Ewúrẹ́ ló ń jẹ èérí rẹ̀. Ní Hook Norton, ẹran ọ̀sìn àwọn àgbẹ̀ ló ń jẹ èérí ọkà báálì. Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ọkùnrin tó ń mú wa kiri, ó bèèrè bóyá a máa ń fi hops sí tiwa. Mo ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn rí láyé àtijọ́.

Ohun tó wí bá ìtàn mu. Lẹ́yìn òkun ni hops ti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ṣáájú ìgbà náà, ale kò ní hops, kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, àwọn obìnrin ló sì ń pọn ọ́n jù nínú ilé, tí wọ́n ń mu níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ta ìyókù fún aládùúgbò. Hops ló jẹ́ kí ọtí máa pẹ́. Ọtí tó ń pẹ́ ṣeé gbé rìn jìnnà. Èyí tó ṣeé gbé rìn jìnnà di òwò ńlá. Òwò ńlá sì bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin. Àwọn ìyá wa tó ń pọn ọtí ọkà bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yóò mọ bí ìtàn yẹn ṣe ń lọ.

Hops náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Òdòdó aláwọ̀ ewé kékeré ni, ó fúyẹ́ bíi ìyẹ́. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ìda rẹ̀ á mọ́ yín lọ́wọ́, òórùn á sì gba gbogbo yàrá: ewé, èèpo ọsàn, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Fuggle àti Golding lorúkọ àwọn méjì tó ti pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn, Kent àti Herefordshire sì ni oko wọn wà jù. Láti ìgbà tí mo ti fi ọwọ́ ra á ni mo ti ń mọ ọ́n nínú ife.

Ìwúkàrà ni àṣírí ilé. Ilé ìpọntí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, wọ́n sì ń bù lára ti àná sí tòní bí ìgbà tí aládùúgbò ń tọrọ iná lọ́wọ́ ara wọn. Ní Lewes ní Sussex, ilé Harveys, tó ti ń pọntí láti 1790, ń lo ìwúkàrà tí wọ́n gbà láti Tadcaster ní Yorkshire ní 1957. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Omi tó sọ ìlú di ọlọ́rọ̀

Apọntí kan sọ fún mi pé àwọn àlejò kì í bèèrè ọ̀rọ̀ omi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú ife. Burton upon Trent ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Omi kànga ìlú náà ń gba inú òkúta gypsum kọjá, ó sì ń kó nǹkan mọ́ra níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìkorò hops mọ́ gaara lẹ́nu. William Bass dá ilé ìpọntí tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1777. Ní àwọn ọdún 1880, ilé ìpọntí tó wà ní ìlú kékeré yẹn ti lé ní 30. Àwọn apọntí ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bu gypsum sí omi tiwọn kí ó lè dà bíi ti Burton, wọ́n ń ṣe é di òní.

Àmì onígun mẹ́ta pupa ti Bass ni àmì òwò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Bìrìtìkó, ní 1876. Ẹ lè rí i lára ìgò nínú àwòrán tí Édouard Manet ti ilẹ̀ Faransé yà nípa ilé ọtí kan ní Paris ní 1882.

Mo fẹ́ kí n lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Burton ṣì wà. Wọ́n ti ilé àkójọ ìtàn ọtí tó wà níbẹ̀ pa ní 2022. Ìlànà ìpọntí tí wọ́n ń pè ní Burton Union, tí àgbá onígi tò lọ lórí ìlà, tí ìwúkàrà sì ń gba ọ̀pá jáde lókè wọn, ku ilé ẹyọ kan péré, Marston's, kí àwọn náà tó fi í sílẹ̀ ní 2024. Ilé ìpọntí Thornbridge ní Derbyshire ló gba ìlà kan lọ́wọ́ wọn, tó sì ń fi pọntí.

Ọtí alárùú

Ẹ jẹ́ kí á padà sí London díẹ̀, nítorí ìdílé Òdekú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọtí dúdú kan gba ìlú náà kan. Àwọn alárùú tó ń gbé ẹrù lọ́jà àti létí odò ló ń mu ún jù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún alárùú sì ni porter. Bí ọtí náà ṣe gba orúkọ nìyẹn: ọtí alárùú. Èyí tó bá le jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní stout porter, ìyẹn porter tó lágbára. Nígbà tó yá, ìdajì orúkọ náà jábọ́, ó ku stout.

Àwọn apọntí porter di olówó, wọ́n sì ń figa gbága lórí ta ni àgbá rẹ̀ tóbi jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1814, ọ̀kan nínú àwọn àgbá ràgàjì ilé Meux, nítòsí Tottenham Court Road, bẹ́. Ọtí ya jáde bí omíyalé. Ó wó ògiri, ó sì ya wọ ilé àwọn tálákà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ló kú, obìnrin àti ọmọdé. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní jàǹbá lásán ni.

Guinness ti Dublin kọ́ iṣẹ́ porter, ó sì ṣe é ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Ní 1962, ó kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà, àkọ́kọ́ tó kọ́ lẹ́yìn Ireland àti Bìrìtìkó. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì ọkà báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí wa fà mọ́ra. Òdekú tó tibẹ̀ jáde ní ọtí tó tó 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi padà lọ sí London, sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń rà á ní Peckham. Ọtí alárùú London ti yí ayé ká padà délé, kò sì sí ẹni tó dá a mọ̀.

Ọkùnrin mẹ́rin àti ìbínú wọn

Díẹ̀ ló kù kí ale inú àgbá parẹ́ pátápátá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́fà ra àwọn kéékèèké káàkiri, wọ́n sì rí i pé ọtí keg kò ní wàhálà: kò gba ẹni tó mọ àjà ilẹ̀, kì í kan, ibi gbogbo ló ti ń rí bákan náà. Èyí tó lókìkí jù, tí wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ni Red Barrel ti ilé Watney.

Ní 1971, ọkùnrin mẹ́rin láti àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ gbafẹ́ ní County Kerry ní Ireland. Inú ilé ọtí kan níbẹ̀ ni wọ́n ti bínú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. CAMRA lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ní lónìí lé ní 100,000. Wọ́n ń tẹ ìwé tó ń sọ ilé ọtí tó mọ àgbá tọ́jú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọdún ọtí ńlá wọn ní 1977.

Nígbà tí ìjọba Bìrìtìkó dín owó orí àwọn apọntí kéékèèké kù ní 2002, ilé ìpọntí tuntun hù bí olú. Inú búkà mẹ́káníìkì, abẹ́ afárá ojú irin, ẹ̀yìn ọgbà àgbẹ̀, kò síbi tí wọn ò ti pọntí.

Ilẹ̀kùn tó ń tì

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó le báyìí. Iná wọ́n, ọkà wọ́n, páìǹtì kan ní London ti kọjá pọ́n-ùn márùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ kò sì mu bí àwọn bàbá wọn ti ń mu. Ilé ìpọntí Young's tó wà ní Wandsworth kógbá wọlé ní 2006. Fuller's ní Chiswick ta apá ìpọntí rẹ̀ fún Asahi ti Japan ní 2019. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí abúlé ti di ilé gbígbé.

Onílé ọtí kan ní Oxfordshire sọ fún mi pé kì í ṣe ọtí nìkan ló ń kú bí ilé ọtí bá tì. "Àwọn arúgbó tó ń wá síbí lọ́sàn-án," ló wí, "ibo ni wọ́n ń lọ?" N kò ní ìdáhùn. Mo rántí abẹ́ igi ẹlẹ́mu tí wọ́n gé nítorí pé wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà ládùúgbò wa.

Èmi kì í ṣe oníwàásù ọtí o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ni ẹ̀sìn yín kò gbà á láyè, ilé ìpọntí sì ṣeé wò láìmu ohunkóhun. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ìjọba Bìrìtìkó láti 2016 ni pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá ìwọ̀n ọtí 14, tí wọ́n ń pè ní unit, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Páìǹtì mẹ́fà ọtí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Sussex Best ti Harveys kò ju 4 yẹn lọ. Ọtí ìjókòó ni, kì í ṣe ọtí ìdíje.

Àṣà wọn kan wà tó wuni, tó sì léwu. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ wọlé, ẹnì kan á ra fún gbogbo wọn, yóò wá kan ẹlòmíràn. Èsúsú ni. Ẹni tó bá gbà tí kò dá, wọn ò ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà, páìǹtì mẹ́fà lẹ ti bọ́ sí yẹn.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí Hook Norton, kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n to ife kéékèèké síwájú wa ní yàrá ìtọ́wò wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti àwọn pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé èyí tó dúdú jù. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó mu, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Ó mu ún tán.

"Èyí dára," ló wí. "Bí wọ́n bá lè gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan péré."

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tó sì jẹ́ Òdekú lẹ máa ń mu nílé, ẹ má fi bitter, ìyẹn ale tó korò lẹ́nu, bẹ̀rẹ̀. Porter tàbí mild, èyí tó rọ̀ lẹ́nu, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ ní kí wọ́n kán díẹ̀ sí ife fún yín tọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, wọn kì í kọ̀. Bó bá ń kan bíi ọtí àná, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a padà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Bí orúkọ ọtí kan bá kọ ẹ̀yìn sí yín lórí pọ́ǹpù, kò tíì ṣetán ni tàbí ó ti tán. Ẹ gba ìdajì páìǹtì èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má sì bèèrè yìnyín.